Àga Mógàjí Kì Í Ṣe Àga Ìsinmi

Sàhéèdì, Àkànní ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé nínú ilé rẹ l'Ábújá, ìwọ àti ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Ara mi le, orúnkún nìkan ni kì í gbọ́ràn. Mo ti kírun àsùbá tán, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, mo fi ọwọ́ ara mi mú bírò. Ọwọ́ mi ò já gaara mọ́, nítorí náà fara balẹ̀ kà á. Ibi tí o bá ti rí i pé mo tẹ bírò mọ́ ìwé jù, ìbínú ló fà á, kì í ṣe ojú.

Ó yẹ kí n pè ọ́ lórí fóònù, àmọ́ mo mọ̀ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ dé ibi tó máa dùn ọ́, wàá ní, "Màmá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa níbí." Ìwé ò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi tó ń padà sí Ábújá ni mo fi rán, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó fi lé ọ lọ́wọ́, kó má fún ìyàwó rẹ.

Ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ lọ́jọ́ Jímọ̀ ló gbé mi dé ìdí ìwé yìí. O pè mí pé Mógàjí, olórí agboolé wa, ti kú, pé oyè ti yí kan ẹ̀ka tiwa, pé àwọn ẹbí ti panu pọ̀, ìwọ ni wọ́n fẹ́ mú ní ìpàdé Sọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí wọ́n tó mú ọ lọ sí ààfin. O ní ó bọ́ sásìkò, torí pé o ń fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba lóṣù yìí, wàá padà wá sí Ìbàdàn, wàá máa fi oyè sinmi. Mi ò kí ọ kú oríire. O ní, "Màmá, ṣé inú yín ò dùn ni?" Mo ní, "Múfútáù ńkọ́?" O ní, "Múfútáù bíi ti báwo? Àbúrò mi ni, èmi ni àgbà." Mo ní òun ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ Mógàjí láti ọjọ́ tí Mógàjí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú yìí ti dùbúlẹ̀ àìsàn. Ìgbà yẹn lo wá sọ ọ́. O ní, "Màmá, ẹ rántí pé ẹ ò bí Múfútáù o. Èmi lẹ bí."

Fóònù já, o rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Èmi ni mo pa á.

Lóòótọ́, mi ò bí i. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ fún ọ, torí pé ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń gbé lo wà nígbà náà, ìwọ̀nba lo mọ̀. Ṣifáwù, ìyá rẹ̀, bàbá rẹ fẹ́ ẹ lé mi ni. Mi ò ní purọ́ fún ọ pé mo fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ tó wọlé. A jà lórí omi, a jà lórí ààrò, a jà lórí ẹni tó gbálẹ̀ àti ẹni tí kò gbá. Nígbà tí àìsàn wá gbé e ṣánlẹ̀, ó ránṣẹ́ pè mí wá sí yàrá rẹ̀. Ó ní, "Ìyáàlé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Múfútáù mọ̀ pé òun ò ní ìyá." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ náà ò tíì tó ẹni tí à ń rán lọ ra iyọ̀. Láti ìgbà yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ọmọ mélòó ni mo ní, méjì ni mo ń pè. Ìwọ náà ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí, o ò sì jiyàn.

Mo mọ òwe tó wà lẹ́nu rẹ báyìí. Wàá ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Òwe yẹn dáa, èmi náà ti pa á fún àwọn ẹlòmíì. Àmọ́ wá sọ fún mi, nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ni ọmọ ẹlòmíì nínú ilé yìí? Ẹni tó ń gun òrùlé nígbà tí òjò bá ṣí páánù, àbí ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ pé kí wọ́n wá ẹni tó máa gùn ún? Mi ò bú ọ. Owó tí o ń fi ránṣẹ́, Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ fún ọ. Àmọ́ owó kì í gun òrùlé, jàre.

Ó yá, gbọ́ ìmọ̀ràn. Èkíní rẹ̀: má fi oyè ṣe ìsinmi.

Bàbá rẹ, Ọlọ́run kó fi àlùjánnà kẹ́ ẹ, kápẹ́ńtà tó dáńtọ́ ni. Ilẹ̀kùn tó bá kàn kì í ké, kì í sì í ha. Láti Bẹẹrẹ títí dé Òkè Padre, àwọn tó ń kọ́lé máa ń tò síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nígbà tí ẹbí wá fi oyè Mógàjí lọ̀ ọ́, ó kọ́kọ́ ní òun ò ṣe. Èmi ni mo tì í. Ọmọdé ń ṣe mí nígbà náà. Mò ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù fún àwọn tẹ́lọ̀ ní Ọjà'ba, mo wá ń rò ó lọ́kàn pé bí mo bá ń kọjá, àwọn èèyàn á máa ní, "Ẹ kú ọjà o, ìyàwó Mógàjí." Mo ti dá aṣọ sílẹ̀ kó tó gbà. Ó gbà nítorí tèmi.

Kò pẹ́ tí ṣọ́ọ̀bù fi bẹ̀rẹ̀ sí í wà ní títì. Bó bá múra iṣẹ́ láàárọ̀, àwọn méjì á ti máa jà lórí ibi ìdáná. Bó bá parí ìyẹn, wọ́n á ní ẹnì kan kú ní Yemetu, ọmọ ilé wa ni, Mógàjí gbọ́dọ̀ débẹ̀ kí wọ́n tó sin ín. Ọjọ́ tó bá tún fẹ́ gé pákó, ìpàdé wà ní Mápó. Àwọn oníbàárà rẹ̀ dúró, dúró, wọ́n bá wá ibòmíì lọ. Ó máa ń sọ pé Mógàjí ni ààtàn agboolé, gbogbo èèyàn ló ń da ilẹ̀ sí i, ààtàn ò sì gbọdọ̀ sọ pé òun ti kún. Ó máa ń fi ṣẹ̀rín ni, àmọ́ èmi tí mò ń sùn tì í mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rín.

Àwọn ẹyẹlé rẹ̀ ńkọ́? O ò lè gbàgbé wọn. Bó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, á bu ọkà bàbà sí àtẹ́lẹwọ́, á máa bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ohùn tí kò fi bá èmi ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ rí. Lẹ́yìn tó joyè, kò ráyè fún wọn mọ́. Àwọn kan kú, àwọn tó kù fò lọ sílé tí wọ́n ti ń rí oúnjẹ jẹ. Ó dùn ún ju ti ṣọ́ọ̀bù lọ. Mo rí i lọ́jọ́ kan tó dúró sídìí ilé ẹyẹlé tó ti ṣófo, tó ń fi ọwọ́ nu eruku ara ilé náà. Mo bi í pé kí ló ń wá. Ó ní kò sí nǹkan kan.

Ìwọ, rédíò ni tìẹ. Rédíò tó bá ti yadi ládùúgbò wa nígbà yẹn, ọ̀dọ̀ rẹ ni wọ́n ń gbé e wá, wàá tú u palẹ̀ sórí ẹní mi. Mo nà ọ́ nígbà tí o tú ti bàbá rẹ tí o ò mọ bí wàá ṣe tò ó padà, mo tún wá rí i pé ó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n fi ọ́ sí ọ́fíìsì l'Ábújá, o bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sí ìwé, o pa rédíò tì. Nísinsìnyí tí o fẹ́ fẹ̀yìn tì, wá tábìlì kan, ra irinṣẹ́, kó o máa tú ohun tó wù ọ́, kó o máa tò ó. Ìsinmi nìyẹn. Kí èèyàn jí kó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń dúró de òun lẹ́nu ọ̀nà láti rojọ́.

Èkejì ló wúwo jù lọ́kàn mi. Má fi ọmọ ilé ara rẹ ra orúkọ rere.

Nígbà tí Ṣifáwù kú, yàrá rẹ̀ ṣófo. Tọmọdé tàgbà ló mọ̀ pé Múfútáù ni yóò ni ín. Opó kan wá láti ẹ̀ka kejì, ó ní òun ò ríbi gbé. Ẹjọ́ dé iwájú bàbá rẹ. Ó jókòó sórí àga, ó ní kí wọ́n fún opó náà ní yàrá Ṣifáwù, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé Mógàjí ń gbè sẹ́yìn ilé ara rẹ̀. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n ní, "Bàbá, olódodo ni yín." Múfútáù dúró ti ògiri, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń kó ẹrù ìyá rẹ̀ jáde. Kò sunkún. Èmi ni mo ká ẹní rẹ̀ wọ yàrá mi, ibẹ̀ ló sì ń sùn nílẹ̀ títí irùngbọ̀n fi hù lágbọ̀n rẹ̀.

Nígbà tó ku èmi àti bàbá rẹ, mo ní, "Ṣé ọmọ ẹni la fi ń tún orúkọ ara ẹni ṣe?" Ó ní, "Rábíátù, bí mo bá fún un, kí ni mo fẹ́ sọ fún ẹbí?" Mo bínú jáde. Àṣìṣe àwọn Mógàjí nìyẹn, Àkànní. Olè kọ́, ìkà kọ́. Wọ́n bẹ̀rù kí wọ́n má pè wọ́n lójúsàájú, wọ́n wá ń fi ìyà jẹ ọmọ tó wà nítòsí, torí pé òun ò ní bínú lọ sílé ẹlòmíì. Nígbà tí bàbá rẹ wá di ẹni tí wọ́n ń gbé lọ sí balùwẹ̀, Múfútáù ló ń gbé e. Ìwọ wá kí i, o sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kó rí, iṣẹ́ ò ṣe é fi sílẹ̀. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ti kọjá tí wọ́n gba ohun tó jẹ́ ti ọmọ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ tí gbogbo ẹbí ń pàtẹ́wọ́. Mi ò ní jókòó wo ẹ̀ẹ̀kejì.

Ẹ̀kẹta: wo ojú ẹni tó ń tì ọ́ wọ inú oyè.

Ràhímì, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, òun ló ń wọlé tó ń jáde kiri nítorí rẹ. Mo gbọ́ pé ó ti bá ọ ra aṣọ ní Gbági. Ó dáa, wọ̀ ọ́ lọ sí ìnáwó ìfẹ̀yìntì rẹ. Ṣùgbọ́n o ti bi í pé kí ló dé tí kò fẹ́ ẹni tó wà nílé, tó jẹ́ ẹni tó wà l'Ábújá ló fẹ́? Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti àwọn àgbààgbà méjì jókòó síwájú ilé, à ń ta ayò. O mọ̀ pé láti ìgbà tí orúnkún ti lé mi kúrò lọ́jà, ibẹ̀ ni ọ́fíìsì mi. Mò ń nà wọ́n lọ́wọ́ nígbà tí Ràhímì mú ọkùnrin kan dé, wọ́n na téèpù láti igun ilé kan dé ìkejì.

Mo ní, "Kí lẹ̀ ń wọ̀n?"

Ó ní, "Màmá, kò sí nǹkan kan. A kàn ń wo bó ṣe fẹ̀ tó ni."

Mo ní, "Ilé tó ti wà kí wọ́n tó bí ọ, òní lo wá fẹ́ mọ bó ṣe fẹ̀ tó?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ máa sinmi, Màmá. Bí ẹ̀gbọ́n bá ti jẹ Mógàjí, a máa tún ohun gbogbo ṣe. Ẹ ò mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù ló ń wà níwájú ilé láyé ìsinsìnyí ni?"

Ṣọ́ọ̀bù. Níwájú ilé tí wọ́n sin bàbá rẹ sí. Wọ́n ní ilé tó ń tòrò, ọmọ àlè ibẹ̀ ni ò tíì dàgbà. Ràhímì ti dàgbà. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ọmọ ìdílé ni, àmọ́ mo ti sọ ọ́, mi ò sì ní pa á rẹ́. Ó fẹ́ Mógàjí tó máa wà lọ́nà jíjìn, tí yóò máa sọ fún un pé "bá mi bójú tó o." Múfútáù ò ní sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ìdí nìyẹn tí kò fi fẹ́ ẹ. Mi ò mọ̀ bóyá o mọ̀ nípa téèpù náà. Mi ò bi ọ́. Bí o bá mọ̀, má sọ fún mi láéláé.

Ìmọ̀ràn mìíràn wà tí mo fẹ́ kọ, nípa ìyàwó rẹ àti nípa ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ, mo ti gbàgbé bí mo ṣe tò wọ́n. Lo oògùn rẹ. Má bá ìyàwó rẹ jiyàn nítorí iyọ̀ ọbẹ̀, òótọ́ ló ń sọ. Jẹ́ kí n padà sórí ohun tó ń dùn mí.

Lẹ́yìn tí mo pa fóònù lọ́jọ́ Jímọ̀, mo tọ Múfútáù lọ níbi tó ti ń fá pákó lẹ́yìnkùlé. Mo bi í pé ṣé ó ti gbọ́. Ó ní òun ti gbọ́. Mo ní kí ló wá fẹ́ ṣe. Ó ń fá pákó rẹ̀ lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni, Màmá. Mi ò lè bá ẹ̀gbọ́n mi du oyè." Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó wá ní, "Mo ti rí yàrá kan sí Olódó. Bí wọ́n bá ti mú wọn tán lọ́jọ́ Sọ́ńdè, màá kó lọ." Mo ní, "Kí ló lé ọ?" Ó ní, "Kò sẹ́ni tó lé mi. Àmọ́ mi ò lè máa gbé ibi tí Ràhímì á ti máa rán mi níṣẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ múra, ẹ jẹ́ ká jọ lọ." Mo ní sàréè ọkọ mi wà níbí. Ó padà sórí pákó rẹ̀.

O rí i báyìí, àbí? Bí o bá jókòó sórí àga yẹn, o máa rí oyè, o ò ní rí àbúrò mọ́. Wàá dé sílé tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí omi ti ń jò, wọ́n á wá rojọ́ fún ọ kí o tó bọ́ bàtà, Ràhímì á sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ pẹ̀lú bírò, pé kí o fọwọ́ sí ìwé. Èmi á sì wà láàárín ilé méjì lọ́jọ́ ogbó mi. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ ti kú, ẹ̀rù ò tíì bà mí tó báyìí.

Àṣà kan wà tí ẹ̀yin ọkùnrin kì í kà sí, torí ẹ̀yìn lẹ máa ń kọ sí wa nípàdé. Ní agboolé wa, bí àwọn ọkùnrin bá ti mú ẹni tán, wọ́n á yíjú sí àwa ìyàwó ilé, wọ́n á ní, "Ẹ̀yin ìyàwó, ẹni tí a mú nìyí. Ṣé ẹ gbà á?" Ẹni tó pẹ́ jù nínú wa ló ń dáhùn fún gbogbo wa. Gbogbo èyí tí ojú mi ṣe, "A gbà á" ni ìdáhùn, wọn kì í tilẹ̀ dúró gbọ́ ọ kí wọ́n tó máa yọ̀. Àwọn tó ṣáájú mi wọlé ti lọ tán. Èmi ló kù. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, èmi ni wọ́n máa bi.

Bó bá jẹ́ ìwọ lo jókòó síbẹ̀, màá dìde, màá sọ pé a ò gbà á. Èmi tí mo bí ọ. Ojú á tì ọ́ níwájú gbogbo ìdílé, ojú á ti èmi jù ọ́ lọ, ó sì lè jẹ́ pé ìyẹn ni wọ́n á máa fi rántí mi nílé yìí. Màá sọ ọ́ síbẹ̀síbẹ̀. O mọ̀ pé èmi kì í halẹ̀.

Má jẹ́ kó dé ẹnu mi. Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ dìde kí wọ́n tó dárúkọ rẹ. Sọ pé ìwọ ni àgbà, pé àgbà lè yan ẹni tó yẹ, pé Múfútáù lo yàn. Kò sí Ràhímì tó máa lè jiyàn pẹ̀lú rẹ, torí pé òun ló ti ń sọ fún gbogbo èèyàn pé ọ̀rọ̀ rẹ labẹ gé. Wàá kúrò níbẹ̀ lẹ́ni tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún, wàá sì ní ilé tí o lè wá sinmi sí.

Ọlọ́run á jẹ́ kó o gbọ́ ti ìyá rẹ. Ìfẹ̀yìntì rẹ á tura, o ò ní ṣàìsàn, o ò ní fi ojú sunkún ọmọ. Bí o bá ti ka ìwé yìí tán, má pè mí, mi ò ní gbé e. Múfútáù ni kó o pè. Kò mọ̀ pé mo kọ ìwé kankan, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í di irinṣẹ́ rẹ̀.

Èmi ni,
Rábíátù, ìyá rẹ.